Dókítà Ìfunwúrà Ní Òun Ni Nọ́ńbà Keje

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ kí ìfun Dókítà kí ẹ tó kí Dókítà fúnra rẹ̀. Bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, ta sì ni àwa tí a máa yí i padà?

Tó bá ń wọ yàrá, ikùn ló ń kọ́kọ́ wọlé. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà sanra o. Ó kàn máa ń tì í síwájú ni, bí ẹni tó ń gbé ọmọ tuntun han ẹbí, á sì máa fi ọwọ́ ọ̀tún rọra pa á lórí. "Ẹ ò mọ ohun tó wà níbí," ni yóò wí. Àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ ní Ìfunwúrà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tí orúkọ náà ta sí i létí, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì òun, kí wọ́n sì fi ọ̀dà tó ń dán kọ ọ́.

Títí di ọdún tó kọjá, dókítà etí ni. Kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn jẹ́ dókítà etí, ṣùgbọ́n ta ní ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó yọ ìdọ̀tí etí? Ìgbà tó yá ni wọ́n ní kí ilé-ìwòsàn fi ẹnì kan ránṣẹ́ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ kan, nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ìfun ènìyàn. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ yàn ṣàìsàn, òun ló ráyè. Ó gbé àpótí kan lọ, ó sì gbé oyè bọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ẹni tó lè bá a sọ ọ̀rọ̀ etí mọ́. Aláìsàn á ní, "Dókítà, etí mi ń hó." Òun á ní, "Jẹ́ n kọ́kọ́ gbọ́ nípa èso inú rẹ." Ìgbẹ́ ló ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn kò bá ipò òun mu.

Oríkì tó kọ fún ara rẹ̀ wà níwájú gbogbo ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn dókítà kékeré, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn agbẹ̀bí àti àwọn apoògùn: Ọba Ìfun, Atúnkùnṣe, Baálẹ̀ Àwọn Àìfojúrí, Ẹni-tí-ìfun-rẹ̀-ju-ti-ẹgbẹ́-rẹ̀-lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ kà á pọ̀ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sì ń kà á, nítorí pé ẹni tó ń wá ìwé-ẹ̀rí kì í sọ pé oríkì gùn jù.

Ká má purọ́ mọ́ ọn o, òótọ́ ni ohun tó ń kọ́ wọn. Inú ìfun ènìyàn, ìlú ńlá ni. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí pọ̀ níbẹ̀ lọ súà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í sì í ṣe ọ̀tá wa. Wọ́n ń bá wa lọ oúnjẹ tí ikùn ò lè dá lọ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí àwọn oníjàgídíjàgan ráyè jókòó. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, èso àti ọkà tí wọn ò bó ni wọ́n fẹ́ràn. Oògùn apakòkòrò tí à ń gbé mì kì í bi wọ́n pé, "Ìwọ ńkọ́, ọmọ rere ni ọ́ àbí ọmọ burúkú?" Gbogbo wọn ló ń gbá lọ. Nọ́ọ̀sì tó bá fún ọmọ tó ní ọ̀fìnkìn lásán ní oògùn apakòkòrò, oko ló ń sun nítorí eku kan.

Ìyàwó Dókítà ló yẹ kí inú rẹ̀ dùn jù sí ẹ̀kọ́ yìí. Òun ni apoògùn ilé-ìwòsàn náà. Ó ti pẹ́ tó ti ń pariwo mọ́ àwọn dókítà pé kí wọ́n yé kọ oògùn apakòkòrò bí ẹni ń há súìtì, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wá gun orí pèpéle tó ń sọ ohun kan náà, tí gbogbo gbọ̀ngàn ń kọ ọ́ sílẹ̀, Apoògùn jókòó sẹ́yìn, inú rẹ̀ dùn, inú sì ń bí i díẹ̀. Ó ní kò burú, kí ọ̀rọ̀ ṣáà ti wọ̀ wọ́n létí.

Ohun tó ń dùn ún ni dúrọ́ọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn. Kápúsù oògùn apakòkòrò ló kún inú rẹ̀. Tí Dókítà bá sín lẹ́ẹ̀kan, á gbé méjì mì. Tó bá sín lẹ́ẹ̀mejì, àjàkálẹ̀ àrùn ló ń pè é. Oúnjẹ rẹ̀ náà ò yàtọ̀: ẹran dídín, búrẹ́dì funfun, ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Tí ẹ̀fọ́ bá wà nínú àwo, á rọra fi ṣíbí tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń lé adìẹ.

"Dókítà," ni ìyàwó rẹ̀ wí lọ́jọ́ kan. Ó ti pàṣẹ fún un pé kó máa pe òun ní Dókítà nílé náà, kí àwọn kòkòrò inú òun má baà gbàgbé ipò wọn. "Ẹ tún ti ń gbé nǹkan yìí mì? Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ wa lánàá pé ká má lò ó lásán?"

"Ẹ̀yin ni mo kọ́. Mi ò kọ́ ara mi."

"Ẹ ń pa àwọn kòkòrò inú yín o."

"Ti inú ẹlòmíràn ló ń kú. Tèmi kàwé."

Apoògùn ti dúrọ́ọ̀ náà pa. Ọ̀rọ̀ náà ì bá sì parí sínú yàrá wọn níbẹ̀, bí kì í bá ṣe ti Tíṣà.

Tíṣà ni obìnrin tó kọ́ àkọ́bí Apoògùn ní ìwé kíkà. Ikọ́ lásán ló gbé e wá sílé-ìwòsàn nígbà òtútù, ikọ́ tí ì bá tán fúnra rẹ̀. Dókítà kan fún un ní oògùn apakòkòrò. Nígbà tí ikọ́ ò tètè lọ, òmíràn fún un ní èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹlòmíràn sì tún fi tirẹ̀ lé e. Wọ́n gbá ìfun obìnrin náà mọ́ tónítóní, ni kòkòrò burúkú kan bá jókòó sí ààfin tó ṣófo. Ìgbẹ́ gbuuru wá di àìsàn. Tí wọ́n bá fún un ní oògùn, á dáwọ́ dúró. Tí oògùn bá tán, á tún bẹ̀rẹ̀. Tíṣà tó máa ń fi ohùn kan ṣoṣo mú kí kíláàsì dákẹ́, ó ti gbẹ débi pé nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lè gbé e láti orí ibùsùn sórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn.

Ọ̀nà kan ló kù: kí wọ́n gba ìgbẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kí wọ́n pò ó mọ́ omi iyọ̀, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n sì gba inú rọ́bà fi í sí ìfun aláìsàn, kí àwọn kòkòrò rere lè tún ìlú náà tẹ̀ dó. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ó ti gba ẹ̀mí là níbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa fún wọn kò gbọdọ̀ tíì fi ẹnu kan oògùn apakòkòrò fún oṣù mélòó kan.

Ọ̀gá Àgbà ilé-ìwòsàn pe ìpàdé. Ó ní àwọn fẹ́ dá wọ́ọ̀dù ìfun sílẹ̀, Tíṣà ló sì máa kọ́kọ́ gba ìtọ́jú náà.

"Ta ni ká fi ṣe olórí ibẹ̀?" ló bèèrè.

"Èmi," ni Dókítà wí.

"Ta ni yóò wá máa fún wa ní ìgbẹ́?"

"Èmi náà."

"Ẹ ẹ̀ ní jẹ́ ká wá ẹlòmíràn kún yín?"

"Ọ̀gá, tí oòrùn bá ti ràn, kí lẹ fẹ́ fi àtùpà ṣe?" Ó fọwọ́ pa ikùn. "Àwọn baba wa ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Wọn ò tíì mọ̀ nípa ìfun nígbà náà. Ìfun rere sàn ju orúkọ rere lọ."

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, àfi Ìyá Láàbù. Ìyá Láàbù ni olórí iyàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò. Obìnrin náà kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í bínú. Ó ti rí inú gbogbo ènìyàn tó.

"Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀," ló wí, "a ò mọ èyí tí inú ń run. Gbogbo ẹni tó wà nínú ẹ̀kọ́ yìí ló máa mú ìgbẹ́ wá fún yíyẹ̀wò. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, Dókítà. Nọ́ńbà nìkan ló máa wà lára ìgò, kò ní sí orúkọ, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára á wá bá mi ní kọ̀rọ̀."

Dókítà tún fọwọ́ kan ikùn. Lọ́tẹ̀ yìí kò pa á lórí, ó dì í mú ni.

Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ ìgò yí ká, olúkúlùkù mú tirẹ̀ láìwò. Nọ́ńbà kẹta bọ́ sí Apoògùn lọ́wọ́. Nọ́ńbà keje bọ́ sí ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Dókítà wọ ilé ìdáná. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, ó sì yà á lẹ́nu, nítorí pé ọkọ rẹ̀ kì í mọ ọ̀nà ibẹ̀.

"Ìyàwó mi àtàtà," ni Dókítà wí. "Olólùfẹ́ mi. Adúmáadán."

"Kí lẹ fọ́?"

"Mi ò fọ́ nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ kí o bá mi wá èso inú díẹ̀ ni."

"Èso inú ta?"

"Tìrẹ."

"Tèmi ti ní ìgò tirẹ̀."

"Ṣé ìgò kan ló tán an ni?" Ó sún mọ́ ọn. "Ṣé o rí i, ìwọ lo máa ń jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Ìwọ ni o kì í lo oògùn. Tọkọtaya sì ni wá, ara kan náà ni wá. Ìgbẹ́ rẹ, ìgbẹ́ mi ni."

Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pè é ní ìgbẹ́ láti ìgbà tó ti joyè. Apoògùn gbé àwo ẹ̀wà kalẹ̀.

"Tí wọ́n bá wá fi yín jẹ olórí, tèmi náà ni ẹ ó máa gbé lọ fún wọn?"

"Rárá o, ṣé ẹrú ni ọ́ ni? Ẹ̀ẹ̀kan yìí péré ni. Tí mo bá ti jókòó tán, tèmi gan-an ni wọ́n á máa lò. Ẹni tó ti di olórí, ta ni yóò tún yẹ inú rẹ̀ wò?"

"Tiyín tí kápúsù ti gbá mọ́? Òun lẹ fẹ́ kí wọ́n fi sínú Àǹtí Tíṣà?"

"Á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti kọ́ obìnrin náà ní bó ṣe máa dúpẹ́."

Apoògùn ò lè jẹun. Ó gba wọ́ọ̀dù lọ. Tíṣà wà lórí ibùsùn, ojú rẹ̀ ti jìn, ṣùgbọ́n irun rẹ̀ wà ní dídì mọ́lẹ̀ dáadáa, bí ẹni tí aago ilé-ìwé máa tó lù fún.

"Ṣé wọ́n ti rí ẹni tó máa fún mi?" ni Tíṣà bèèrè.

"Wọ́n ń wá a, Àǹtí."

"Ẹni yòówù kó jẹ́, kó ṣáà jẹ́ ẹni tó ń tọ́jú inú rẹ̀. Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi. Mo fẹ́ padà sí kíláàsì mi. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n fi dípò mi ń jẹ́ kí wọ́n sùn."

Àánú rẹ̀ ṣe Apoògùn débi pé ó ní láti kọjú sí fèrèsé. Lẹ́yìn àánú, ìbínú ló dé. Ó rò ó wò bóyá kí òun lọ sọ fún Ọ̀gá Àgbà. Wọ́n á ní ìyàwó ń jowú ọkọ. Ó rò ó wò bóyá kí òun kọ̀ jálẹ̀. Dókítà á lọ bá ẹlòmíràn. Láàárín àwọn tó ń wá ìwé-ẹ̀rí, ẹni tí á fún un ní ìgbẹ́ pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ ò ní wọ́n. Tí òun bá sì fún un, òun fúnra òun ló ran ọkọ òun lọ́wọ́ láti fi ìgbẹ́ burúkú tirẹ̀ sínú obìnrin tó kọ́ ọmọ òun. Kò sí èyí tó dáa níbẹ̀.

Aládùúgbò wọn ń so ewúrẹ́ kan mọ́ ẹ̀yìn ilé, abo, tó ń fún wàrà rẹ̀ mu. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Apoògùn jáde lọ bá a tòun ti ìgò nọ́ńbà keje, tí Dókítà ti gbé sílẹ̀ fún un. Ó kí i, ewúrẹ́ náà sì dá a lóhùn. Kò sì ní láti bẹ̀ ẹ́ púpọ̀, nítorí pé ewúrẹ́ kì í fi irú nǹkan báyìí ṣahun. Apoògùn fi igi tẹ ìgbẹ́ náà fọ́, ó bu omi díẹ̀ sí i, ó dé ìgò náà pa, ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Èrò rẹ̀ ò ju pé Ìyá Láàbù á rí i, á ní nọ́ńbà keje ò yege, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Nígbà tí nọ́ńbà nìkan ló wà lára rẹ̀, ta ni yóò mọ olówó rẹ̀?

Dókítà fi aṣọ ìnujú bo imú, ó sì fi ìka méjì gba ìgò náà. Kò wò ó rárá. Ọba Ìfun ò lè wo èso inú lójú.

"Mo kàn gbọ́ òórùn rẹ̀ fìrí," ló wí, "òórùn ènìyàn ńlá ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dókítà," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

Ká ní ó mọ síbẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀ ì bá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó rò pé òun ti yege kì í lè dúró de ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Dókítà lọ bá Ìyá Láàbù, ó ní àfi kó ka èsì náà ní gbangba, ní ọjọ́ ìkádìí ẹ̀kọ́, lójú gbogbo ilé-ìwòsàn, kó má sì fi han ẹnikẹ́ni ṣáájú.

"Dókítà," ni Ìyá Láàbù wí, "àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó sàn ká sọ ní kọ̀rọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Dókítà gbọ́ èje, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Gbangba ni mo fẹ́," ló wí.

Ọjọ́ ọ̀hún pé. Fáànù ń yí nínú gbọ̀ngàn, wọ́n to àga títí dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ta aṣọ funfun mọ́ ògiri kí gbogbo ènìyàn lè rí àwòrán. Dókítà wọ kóòtù funfun tuntun tí wọ́n fi òwú wúrà ṣe iṣẹ́ ìfun sí láyà, ó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ láti èjìká dé bọ́tìnnì ìsàlẹ̀. Ó gba ayàwòrán, ó sì kìlọ̀ fún un pé kó má dáwọ́ dúró, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé Tíṣà wá síwájú pátápátá, kó lè dúpẹ́ nígbà tí àkókò bá tó.

Ìyá Láàbù dìde. Ó mú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ó sọ èyí tí kòkòrò rẹ̀ ò pọ̀, ó sọ èyí tó ń fẹ́ ẹ̀fọ́ sí i, kò sì fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní àwọn mélòó kan yege, àti pé nọ́ńbà kẹta ló dára jù.

Dókítà yínmú. "Kẹta kọ́," ló sọ fún ẹni tó jókòó tì í.

"Ó ku nọ́ńbà keje," ni Ìyá Láàbù wí. "Nọ́ńbà keje yà wá lẹ́nu. Olówó rẹ̀ á jọ̀ọ́ wá rí mi lẹ́yìn ìpàdé."

Dókítà ti dìde. "Ó yà yín lẹ́nu, àbí?"

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Ẹ sọ fún wọn! Báwo làwọn kòkòrò inú rẹ̀ ṣe rí?"

"Wọ́n pọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò rí irú rẹ̀ rí nínú ìgò tí a gbà lọ́wọ́ dókítà."

"Ẹ gbọ́ o!" Dókítà ti gun orí pèpéle. "Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu mọ́. Èmi ni nọ́ńbà keje!"

Lẹ́yìn lọ́hùn-ún, Apoògùn bo ojú. Ẹnu ẹyẹ ní ń pẹyẹ, ẹnu òrofó ní ń pòrofó. Òrofó bímọ mẹ́fà, ó ní ilé òun kún. Tiwa bu ìgbẹ́ kún ìgò kan, ó ní òun ló ni ayé.

"A ní kí ẹnikẹ́ni má sọ nọ́ńbà rẹ̀," ni Ìyá Láàbù wí.

"Ẹni tó bá ní ohun ìtìjú ni kó fi pamọ́."

"Ó dá yín lójú pé tiyín ni?"

"Ara mi yìí ló ti jáde."

"Ẹ ò gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?"

"Lọ́wọ́ ta? Ta ló ní irú rẹ̀ nínú ilé yìí?"

Ìyá Láàbù bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún gbé e wọ̀. "Ó dáa. Nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́. Àwọn kòkòrò tó wà nínú nọ́ńbà keje, ẹran tó ń jẹ koríko ni wọ́n máa ń bá gbé. Èyí ló mú ká yẹ ohun tó bó lára olówó rẹ̀ wò, èyí tó máa ń bá ìgbẹ́ jáde. Nọ́ńbà keje kì í ṣe ènìyàn. Ewúrẹ́ ni."



"Abo," ni Ìyá Láàbù fi kún un.

Òógùn yọ lójú Dókítà. "Ẹ̀fọ́," ló wí. "Mo ti ń jẹ ẹ̀fọ́ gan-an lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí."

"Dókítà, ẹ̀fọ́ kì í sọ ènìyàn di abo ewúrẹ́."

Ẹ̀rín kan bọ́ láti ẹ̀yìn, wọ́n tètè gbé e mì. Dókítà nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀. "Òun ni! Ìyàwó mi ló fún mi!"

Ọ̀gá Àgbà rọra dìde. "Ìyẹn ni pé kò ti ara yín jáde?"

"Ara... ara kan náà ni wá."

"Ẹ̀yin àti ta? Ẹ̀yin àti ewúrẹ́?"

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó lè gbé ẹ̀rín mì mọ́. Ọ̀gá Àgbà ò rẹ́rìn-ín. "Dókítà, tó bá jẹ́ tiyín ni, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ló yẹ ká gbé yín lọ. Tí kò bá jẹ́ tiyín, irọ́ lẹ pa fún wa lórí ẹ̀mí ènìyàn. Ẹ yan ọ̀kan."

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò," ni Dókítà wí.

Apoògùn ti dìde. "Èmi ni mo fún un. Ó ní kí n fún òun ní tèmi, kí òun lè fi gba ipò, kí òun sì wá máa fún Àǹtí Tíṣà ní ti òun. Àná gan-an ló lo oògùn apakòkòrò nítorí pé ó sín. Mi ò lè fún un ní tèmi, mi ò sì lè jẹ́ kó rí tirẹ̀ fún wọn. Ti ewúrẹ́ ni mo rí."

"Ọ̀ràn ilé ni!" ni Dókítà kígbe. "Ẹ má dá sí ọ̀ràn ilé!"

Ní iwájú, Tíṣà gbé ọwọ́ sókè, bó ṣe máa ń kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n ṣe tí wọ́n bá ní ìbéèrè. Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́.

"Ìyá Láàbù," ló wí, "ti Dókítà fúnra rẹ̀ gan-an ńkọ́? Ẹ ti rí i?"

"A ò tíì rí i, Àǹtí."

"Ṣé ó lè lọ gbé e wá báyìí, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò?"

Wọ́n yíjú sí Dókítà. Dókítà wo ilẹ̀kùn, ó wo fèrèsé, ó wá wo ikùn tó ti ń gbé kiri fún odidi ọdún kan.

"Báyìí... báyìí kọ́," ló wí. "Kò sí nílé."

Tíṣà mi orí. Ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé ló máa ń mi orí sí bẹ́ẹ̀. "Wọ́n ní ẹni tó bá máa dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Mo ti wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin dókítà mi, mo fẹ́ yè. Tó bá jẹ́ pé láàárín Dókítà àti ewúrẹ́ ni mo ti fẹ́ yàn, ẹ bá mi lọ mú ti ewúrẹ́ wá."

Ilé wó. Nọ́ọ̀sì ń di nọ́ọ̀sì mú, àwọn dókítà kékeré tó ti ń ka oríkì láti ọjọ́ yìí wá ń fi ọwọ́ lu àga. Láti ẹ̀yìn, ẹnì kan ké, "Mẹ̀ẹ́ẹ̀!" Ohùn dókítà àgbà kan ló jọ. Ọba Ìfun sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo iṣẹ́ òwú wúrà tó wà láyà rẹ̀, ó sì ń wá ọ̀nà láàárín àga. Ayàwòrán ń yà á lọ ràì. Wọ́n ti sọ fún un pé kó má dáwọ́ dúró.

Apoògùn ò tẹ̀lé e. Ó lọ síwájú, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ Tíṣà.

"Àǹtí, ẹ má gba ti ewúrẹ́. Èmi ni nọ́ńbà kẹta."

Tíṣà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Kí lo jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan, Àǹtí. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Há!" Tíṣà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ náà gbẹ ṣùgbọ́n ó lágbára. "Dìde kíá, ọmọ mi. Lọ jẹun, kí o sì jẹ ẹ́ yó. Àwa méjèèjì la jọ ni ín."